Ihò Tí Mo Lu Sára Tiira

Ọ̀rọ̀ kan náà ni bàbá mi ń sọ:
"Òkun tóbi, Sinikka. Òkun á gbé e mì."
Á máa sọ ọ́ bó ṣe ń ti ọwọ́ pọ́ńpù síwá sẹ́yìn,
ohun tí a ṣu á sì gba abẹ́ ọkọ̀ lọ
sínú omi tó dúdú bíi kọfí àárọ̀ rẹ̀.

Bàbá ti lọ síbi tí a kì í wakọ̀ dé.
Ó fi ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan sílẹ̀ fún mi,
Tiira, orúkọ ẹyẹ funfun
tó máa ń já lu ẹja lẹ́bàá erékùṣù wa.
Ó fi gbèsè sílẹ̀ pẹ̀lú:
ní oṣù keje, nígbà tí oòrùn kì í fẹ́ẹ́ wọ̀,
omi etí ilé wa a máa di ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé,
á ki, á máa rùn.
Ajá Kerttu mu ún lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ kò mọ́ bá a.
Kì í ṣe tiwa nìkan. Ṣùgbọ́n tiwa wà níbẹ̀.
Ẹni tó ṣu lè gbàgbé,
ẹni tó máa kó o kì í gbàgbé.

Mo ra táǹkì ogójì lítà.
Mo ra rọ́bà tó nípọn bí apá ọmọdé,
àti ìdérí kan, irin tí kì í dógùn-ún, roboto,
tí wọ́n kọ "Ẹ̀gbin" sí lójú ní èdè mẹ́ta
kí aláìmọ̀kan má baà rọ epo sí i.

Ó wá ku kí n lu ọkọ̀ bàbá mi níhò.

Mo wọ̀n ọ́n. Mo tún un wọ̀n.
Mo wọ inú ọkọ̀, mo fi ìka kan òkè orí mi,
mo jáde, mo tún kan án láti ìta.
Ìka ń sọ ibìkan, tépù ń sọ ibòmíràn.
Bí a bá gé irun jù, irun á hù.
Ihò kì í hù padà.

Heimo jókòó sórí agolo ọ̀dà, ó ń mu kọfí mi.
Ó ní, "Bó o bá ń wo ihò tó ò tíì lu báyìí,
yìnyín á bá ọ níbẹ̀."

Mo tẹ ẹ̀rọ.
Ó kígbe. Eyín ayùn bu fáíbà jẹ,
ó bu pákó àárín jẹ,
eruku bo irun mi bí ìyẹ̀fun,
òkè ọkọ̀ wá la ojú kan ṣoṣo,
ìmọ́lẹ̀ já bọ́ síbi tí kò wọ̀ rí
láti ọdún tí wọ́n ti bí mi.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i, lára igi abẹ́ òkè:
òbìírí kan, pẹ́ńsùlù bàbá mi,
ọjọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn,
ìbú kan náà, ìka mẹ́rin sí ibi tí mo lu.
Ó ti wọ̀n ọ́n. Kò lù ú.
Òkun tóbi lóòótọ́;
bàbá mọ ibi tó mọ.

"Kí lo rí?" Heimo bi mí láti òkè.
Mo ní, "Pákó."

Rọ́bà kọ̀, kò fẹ́ gba ẹ̀yìn àpótí kọjá.
Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u,
mo da omi kẹ́tù gbígbóná lé e lẹ́nu kó tó rọ̀.
Ìdè irin gé mi ní àtàǹpàkò.
Àtè dúdú lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin,
ọmọbìnrin tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù kò béèrè, ó kàn rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé, ní èbúté, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta epo,
mo yí ìdérí, mo ki ẹnu rọ́bà ńlá bọ̀ ọ́.
Táǹkì kùn, ó gbọ̀n, ó fà fùù.
Gíláàsì kékeré kan wà lára rọ́bà náà,
gbogbo àṣírí wa gba ibẹ̀ kọjá níṣojú mi.
Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.
Ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fọn fèrè pé kí n yára.

Lálẹ́, mo gbé tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ òkè.
Mi ò nu òbìírí yẹn.
Mo kọ ọjọ́ tèmi sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀,
ẹnu pẹ́ńsùlù sì kán kí n tó kọ ọdún.